Ẹni Tí Ń Kọ́ Aláboyún Gbọ́dọ̀ Mọ Ohun Tí Ó Ń Sọ

Obajana, tí ó wà ní ọ̀nà Lókójà sí Kábà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, jẹ́ ìlú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ wọn láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2007, ìlú náà ti di ojúkò àlejò. Ẹni tí ó ti Ìlọrin wá ń bá ẹni tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbé ojúlé kan náà. Ebira, Ígálà, Haúsá àti Ígbò sì jẹ́ aládùúgbò wọn. Awakọ̀ àjàgbé ni ẹlòmíràn, wẹ́dà ni ẹlòmíràn, àwọn kan sì ń se oúnjẹ tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, ọmọ bíbí sì ń lọ ní pẹrẹwu.

Obìnrin tí ó bá lóyún àkọ́kọ́ ní ilé baba ọkọ rẹ̀ kì í wá olùkọ́ tì. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá tí ó bí i kò jìnnà, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin sì ń ṣọ́ ọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí ó tẹ̀lé ọkọ dé Obajana, tàbí dé Àjàókúta, tàbí dé Káńò, kò ní irú àwọn wọ̀nyí nítòsí. Ìyá rẹ̀ kò ju ohùn kan lọ lórí tẹlifóònù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá sọ ní ọjọ́ ìpàdé aláboyún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tí yóò rí gbà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tọ́, ó ti rí ìyá mìíràn ní ìlú òkèèrè. Bí ó bá wọ́, tàbí bí ẹni tí ń sọ ọ́ bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ó tó sọ ọ́, kò sí àgbà kankan nítòsí tí yóò tún un ṣe.

Èyí ni ó mú kí ẹjọ́ tí àwọn òbí ń rò nípa ẹ̀kọ́ aláboyún yẹ ní gbígbọ́. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti Obajana nìkan, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ fi ojú kéré iṣẹ́ àwọn agbẹ̀bí. Àwọn ni wọ́n ń dúró ti àwọn obìnrin láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n ń wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n tó, tí wọ́n sì tún ń darí orin. Bí obìnrin púpọ̀ bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sì dúró níwájú wọn, ó ṣòro kí ẹ̀kọ́ má di àṣẹ: ẹ ṣe tibí, ẹ má ṣe tọ̀hún. Ìdí rẹ̀ ni kì í sí àyè láti sọ.

Àpẹẹrẹ kan hàn gbangba ní àfonífojì Ọya àti Bẹ́núé, níbi tí ooru ti ń mú ju ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lọ. Nọ́ọ̀sì yóò ní kí ìyá má fún ọmọ ní omi kankan títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, kí ó fún un ní ọmú nìkan. Òtítọ́ ni. Bí ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti rí láti ọdún 2001 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ tí ó wá wo ọmọ tuntun yóò rí i tí ètè ọmọ gbẹ nínú ooru oṣù kẹta, yóò sì béèrè pé irú ìkà wo ni èyí, tí wọ́n ń fi òùngbẹ pa ọmọ-ọwọ́. Kí ni ìyá ọmọ yóò wí? “Nọ́ọ̀sì ní kí n má fún un” kì í ṣe èsì níwájú ìyá ọkọ. Omi yóò wọ ẹnu ọmọ ní ọjọ́ náà gan-an, bóyá omi kànga ni, bóyá omi inú ọ̀rá ni, inú rírin yóò sì tẹ̀lé e.

Ká ní nọ́ọ̀sì ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Bí wọ́n bá pín omi ọmú sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ omi pọ́nbélé. Ọmọ tí ń mu ọmú ń mu omi. Bí ooru bá pọ̀, kí ìyá gbé e sí ọmú léraléra ni, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa mu omi dáadáa. Ikùn ọmọ tuntun kéré; bí omi bá kún un, kò sí àyè fún ọmú mọ́, ọmú tí ọmọ kò bá sì fà kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, tí àgbàlagbà náà yóò sì gbé yẹ̀ wò, nítorí pé òun náà fún ọmọ lọ́mú rí. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìlera àti iye ènìyàn fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni ó ń mu ọmú nìkan. Gbogbo ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń kọ orin ọmú nìkan láti ọdún pípẹ́. Orin náà kò burú. Àlàyé ni ó kù.

Èyí tí ó burú ju àìṣàlàyé lọ ni kí ọlọ́jà wọ inú kíláàsì. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1975, àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì òkè òkun máa ń gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọn a wọ aṣọ bíi ti nọ́ọ̀sì fún wọn, wọn a sì rán wọn sí ilé ìgbẹ̀bí, ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìyá tí kò mọ̀wé kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ìjọba rán àti ẹni tí onímílíìkì rán. Yóò ra agolo kan, yóò bomi là á kí ó lè pẹ́, omi náà kò sì mọ́. Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ariwo sì ta káàkiri ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò ní Geneva lórí ìlànà tí yóò dẹ́kun irú ìpolówó bẹ́ẹ̀: 118 fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà nìkan ni ó kọ̀ ọ́, mẹ́ta kò dá sí i. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1990, èyí tí ó jẹ́ Òfin 41 ti ọdún náà, wọ́n sì tún un ṣe ní 1999.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, kí ó wo ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ UNICEF gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn òbí àti aláboyún tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tó 8,500. Lápapọ̀, ó lé ní ìdajì tí ó ti bá ìpolówó mílíìkì ọmọ-ọwọ́ pàdé. Nínú àwọn obìnrin, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ ìlera ti dárúkọ irú mílíìkì kan pàtó fún pé kí ó rà. Ẹni tí ó ń dárúkọ mílíìkì fún ìyá kì í ṣe ọlọ́jà tí ó gbé igbá kiri. Ẹni tí ìyá gbé ara rẹ̀ lé lọ́wọ́ ni. Àwọn ìyá kan wà tí wọn kò lè fún ọmọ lọ́mú, mílíìkì agolo sì ni yóò gba ọmọ wọn là. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn irú ìyá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti òun nìkan, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kéde fún gbogbo ìjókòó.

Bákan náà ni ìwé ohun èlò ìbímọ tí wọ́n máa ń fún àwọn obìnrin. Ẹjọ́ tí àwọn bàbá ń rò jù nìyí: pé ohun tí ó wà nínú ìwé náà pọ̀ ju ohun tí ìbímọ ń fẹ́ lọ, àti pé níbòmíràn, ẹni tí ó kọ ìwé náà ni ó tún ń tà á. Ọkọ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan yóò wo ìwé náà, yóò sì sọ pé kí ìyàwó kúkú lọ bí sí ilé àdúrà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí kò tọ̀nà, kò sí èyí tí ó ń ba ọmọ jẹ́ ní ìdákẹ́rọ́rọ́ bí ti ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Ọmọ yóò pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, funfun ojú rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú, ara rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò léwu, yóò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ń pọ́n ojú náà yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wọ inú ọpọlọ, bí ó bá sì ti wọ ibẹ̀, ọmọ tí kò bá kú lè di adití, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má le, kí ó má lè jókòó, kí ó má lè rìn. Òògùn gidi tí ó wà fún un ni iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára ní ilé ìwòsàn, tàbí, bí ó bá ti burú, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá? Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ sí oòrùn òwúrọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fún un ní omi glúkóòsì. Ìyá yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, yóò ṣe é ní ọjọ́ kejì, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹrin tí ọmọ kò lè fa ọmú mọ́, ọjọ́ ti lọ. Kì í ṣe àwọn ìyá àgbà nìkan ni wọ́n ń gba irú ìmọ̀ràn yìí jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìlera 66 ní agbègbè Abẹ́òkúta, fi hàn pé nǹkan bí ìdajì wọn ni ó lè sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì lé díẹ̀ ní ìdajì tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ tòótọ́. Nínú àwọn tí ó kù, àwọn kan yóò lo oògùn tí kò kàn án, àwọn kan yóò gbé ọmọ sí oòrùn, àwọn díẹ̀ yóò lo àgbo. Bí olùkọ́ bá rí báyìí, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀?

Ó tọ́ kí wọ́n sọ pé oòrùn kò ṣe aláìlágbára pátápátá. Ní ọdún 2015, àwọn oníṣègùn gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ọmọ 447 ní ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan ní Nàìjíríà. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sábẹ́ àtíbàbà tí ọ̀rá pàtàkì bò, ọ̀rá náà sì ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán tí ń jó ara kúrò nínú oòrùn; iṣẹ́ tí ó ṣe kò kéré sí ti iná ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ń wọn ìgbóná ara, wọ́n sì wà níbẹ̀. Èyí kò jọ kí ìyá tẹ́ ọmọ sí iwájú ilé ní Obajana fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì gbà pé òun ti tọ́jú ọmọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àwọn ọmọ Yorùbá gẹ́gẹ́. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàrin wọn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD tó bí ó ti yẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn kàfúrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ lójijì, kí ibà pọ́njú sì dé tagbáratagbára. Aṣọ ọmọ tí ìyá ti kó pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà oyún, tí ó ju kàfúrà sí kí ìdun àti aáyán má baà bà á jẹ́, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọ̀ fún ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ kàfúrà kò gbà ju gbólóhùn kan lọ láti sọ ní ìpàdé aláboyún. Ṣé wọ́n ń sọ ọ́ níbi gbogbo?

Ti iṣẹ́ abẹ náà ń bẹ. Ìpàdé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, àdúrà náà sì dára, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá ń gbà á pé kí gbogbo wọn bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù, kí abẹ má kàn wọ́n, ó ti fi yé wọn láìmọ̀ pé ẹni tí abẹ kàn ni àdúrà rẹ̀ kò gbà. Ní ọjọ́ tí dókítà bá ní kí wọ́n tètè gbé ọmọ jáde, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Ìwádìí ọdún 2018 náà fi hàn pé mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní Nàìjíríà ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ní ọdún 2015 pé bí iye náà ti ń gòkè títí dé nǹkan bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ikú àwọn ìyá àti ọmọ ń dín kù. Ìyà tí ń jẹ orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe ti àpọ̀jù abẹ.

Àwọn ìmọ̀ràn kan sì wà tí wọ́n tọ̀nà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ wọ́n, tí ọjọ́ sì ti lọ lórí wọn. Ní ìgbà kan, wọ́n ń sọ fún ìyá tí ó ní kòkòrò HIV pé bí ó bá lè rí mílíìkì agolo àti omi mímọ́, kí ó má fún ọmọ lọ́mú. Láti ọdún 2010, ìmọ̀ràn náà ti yí padà: ìyá tí ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú. Oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún láti dènà ibà ẹ̀fọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lò ó tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2012, wọ́n ní kí ó máa gbà á ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá, láti bí oṣù kẹrin lọ, bí oṣù kan bá ti kọjá láàrin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ń ní kí aláboyún wá rí. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Nọ́ọ̀sì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde kí àwọn àyípadà wọ̀nyí tó dé, tí wọn kò sì tún pè padà sí ilé ẹ̀kọ́, kò ṣẹ̀ bí ó bá ń sọ èyí tí ó mọ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ẹni tí ó yẹ kí ó pè é.

Ìwádìí ọdún 2018 yẹn ní òmíràn tí ó yẹ kí ó máa ba àwọn aláṣẹ lọ́kàn jẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó bímọ, mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ó ti rí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọṣẹ́ nígbà oyún. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ, mọ́kàndínlógójì péré ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn. Owó wà nínú ohun tí ó fà á, ọ̀nà jíjìn sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èébú náà wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba nítorí pé ó mu àgbo kò ní jáwọ́ nínú àgbo. Yóò kàn máa mu ún níkọ̀kọ̀ ni, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì ń ru, kò ní sọ ohun tí ó mu.

Èdè tún wà níbẹ̀. Ní Obajana, Ọ̀wọ́rọ̀ tí onílé ń sọ kì í ṣe ohùn kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ gbọ́ ara wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ìdajì yóò mi orí láìgbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Kogí, ní Kàdúná tàbí ní Pọ́tá, máa ń dá owó fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Kò ṣòro fún wọn láti yan obìnrin méjì tí ó mọ̀wé, tí yóò máa bá nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé, tí yóò sì máa béèrè ohun tí ojú ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti béèrè. Àwọn bàbá tí ń ṣe iṣẹ́ àṣegbà, tí wọ́n ń wọṣẹ́ lóru tí wọ́n sì ń jáde láàárọ̀, yẹ ní pípè pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni yóò sanwó ọkọ̀ ní òru tí ọmọ bá ń bọ̀.

Ọwọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí àti ti ìjọba ìbílẹ̀ Lókójà ni èyí tí ó wúwo jù wà. Kí wọ́n máa pe àwọn agbẹ̀bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko padà sí ẹ̀kọ́ ní ọdọọdún, kí wọ́n sì dán wọn wò lórí ibà pọ́njú ọmọ tuntun kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n dúró níwájú aláboyún. Kí wọ́n fi òfin ọdún 1990 ṣiṣẹ́ ní tòótọ́: kí kàlẹ́ńdà onímílíìkì má ṣe wà lára ògiri ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹni tí ń kọ ìwé ohun èlò ìbímọ má sì ṣe jẹ́ ẹni tí ń tà á. Kí wọ́n ya àkókò ìbéèrè sọ́tọ̀ lẹ́yìn orin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì wákàtí, kí ó má sì sí èébú níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n já àwọn ìwé àtijọ́ tí ó ti gbó lára ògiri ibi ìpàdé aláboyún. Kí wọ́n lẹ tuntun mọ́ ọn, ní Ọ̀wọ́rọ̀, ní Yorùbá, ní Ebira, ní Ígálà àti ní Haúsá, kí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà.